Lẹ́tà Tí Kì Í Dé Ìkòtún

Kò pẹ́ tí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ọjọ́ ìbí 50 ọdún tí lẹ́tà kan dé sílé rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera ìjọba. Lẹ́tà náà kò béèrè bóyá ara rẹ̀ le tàbí kò le. Ó dá ọjọ́, ó dá aago, ó dárúkọ ilé ìwòsàn, ó ní kó wá kí wọ́n ya àwòrán ọmú rẹ̀. Inú bí àbúrò mi. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ṣé àwọn èèyàn yìí fẹ́ pe àìsàn lé mi lórí ni? Kò síbi tó ń dùn mí." Mo ní kó lọ, nítorí ti àǹtí wa. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó lọ, wọn kò rí nǹkankan, ó gbàgbé. Nígbà tó yá, lẹ́tà mìíràn tún dé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn láti ọdún 1988. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni lẹ́tà ti ọmú máa ń dé, láti ọmọ ọdún 50 títí obìnrin yóò fi pé 71. Ti ẹnu ilé-ọmọ, láti ọmọ ọdún 25 ni wọ́n ti ń pè wọ́n, ó di 64 kí wọ́n tó jáwọ́. Ti ìfun ńlá kò tiẹ̀ ní kéèyàn kúrò nílé: ike kékeré kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, onítọ̀hún á bu ìgbẹ́ rẹ̀ bín-ń-tín sí i, á dá a padà fún wọn. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́n jù wá lọ, tàbí pé wọ́n fẹ́ràn ọ́sìbítù. Àbúrò mi kì bá tí lọ bí wọn kò bá pè é. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í dédé jí lówùúrọ̀ kó ní òun ń lọ wá àìsàn lọ. Ẹnìkan ní láti pè é, kó sì dá ọjọ́ fún un.

Èmi, Ìgàndó ni mo ń gbé, kò jìnnà sí ààtàn Sólúsì, Ẹ̀gbẹ́dá ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ la wà. Nígbà tí wọ́n kà wá ní ọdún 2006, a lé ní 1.2 mílíọ̀nù, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní ìpínlẹ̀ Èkó tó ní èrò tó wa nínú ìkànìyàn ọ̀hún. Àwọn tó ti kó wọlé láti ìgbà náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn. Bí ìjọba bá tilẹ̀ fẹ́ kọ lẹ́tà sí wa, ibo ni yóò dé sí? Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. Bí a bá ń júwe ilé fún àlejò, a ó ní kó sọ̀kalẹ̀ ní ìyànà, kó wo ilé epo, kó béèrè ilé Ìyá Alákàrà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó pè wá. Kálukú ń dúró di ìgbà tí ara bá pè é.

Àǹtí wa tí mo ń sọ yìí, àbúrò ìyá wa ni wọ́n. Ọjà Ìkòtún ni wọ́n ti ń ta àǹkárá àti léèsì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì gbé nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọn kì í fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gbá ọwọ́ náà, ì báà jẹ́ ọmọ ẹlòmíì tí wọ́n kàn rán wá ra aṣọ. Ìdí nìyẹn tí ara fi fu mí nígbà tí mo yà sí ìsọ̀ wọn ní àsìkò ọdún Kérésì kan, tí mo rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń na aṣọ sí àwọn oníbàárà. Wọ́n ń bẹ olúkúlùkù: "Ẹ má bínú ọwọ́ òsì o." Wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀ láti èjìká, nínú ooru ọjà, ní ọ̀sán gangan.

Mo jókòó títí èrò fi dá. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní làkúrègbé ni. Mo rọra ká ìborùn náà kúrò. Ọwọ́ náà ti wú láti òkè títí dé ọmọ ìka, òrùka tó wà níbẹ̀ ti há mọ́ ẹran. Òórùn káfúrà sì gba imú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé láti inú àpótí aṣọ ni. Alẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá wọn, ni wọ́n tó tú kọ́mú wọn tí mo rí i pé inú ibẹ̀ ni káfúrà wà: wọ́n dì í sínú áńkáṣíìfù, wọ́n fi lé orí egbò kí àwọn oníbàárà má baà gbóòórùn.

Kókó ló kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n ní ọdún tí ọmọ wọn àbíkẹ́yìn wọ ilé-ìwé girama ni wọ́n ti fọwọ́ kàn án nígbà tí wọ́n ń wẹ̀, kò tóbi ju ẹyọ èkùrọ́ kan lọ. Nígbà tí mo fi rí egbò náà, ọmọ ọ̀hún ti ń múra àtijáde. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí wá. Ìdáhùn wọn ṣì wà létí mi. Wọ́n ní: "Kò dùn mí, ọmọ mi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní kí ló ń ṣe mí, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Wọ́n ti gbìyànjú lọ́nà tiwọn. Wọ́n ti mu àgbo, wọ́n ti fi òróró àdúrà pa á. Ìkòtún tí à ń wí yìí, ìlú tí èrò ti ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá gba ìwòsàn nínú ìsìn ni, ta ló máa wá ní kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ má gbàdúrà? N kò bá àwọn tó gbàdúrà fún wọn jà nígbà náà, n kò sì bá wọn jà báyìí. Àdúrà kò dí ọ̀nà ọ́sìbítù. Ohun tó dí i ni pé kókó náà kò dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé irú èyí tí kò dunni gan-an ló yẹ kí wọ́n sáré sí.

Nígbà tí a dé ọ́sìbítù, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ya àwòrán àyà. Ó ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. A ta ìsọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo aṣọ inú rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó nǹkan, èrò tó sì wà lórí ìlà pọ̀. Ọdún 2019 ni wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé. Àǹtí wa ti lọ kí ó tó di ìgbà náà. Kérésì mìíràn kò bá wọn láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú wọn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé kà, tí mò ń bi gbogbo nọ́ọ̀sì tí mo bá mọ̀ ní ìbéèrè. Ohun tí mo kà kò jẹ́ kí n sinmi. Ìṣirò àgbáyé fún ọdún 2022 ní obìnrin tó lé ní 32,000 ni jẹjẹrẹ ọmú mú ní Nàìjíríà lọ́dún náà, ti ẹnu ilé-ọmọ lé ní 13,000, ó sì pa àwọn tó lé ní 7,000. Àwọn olùwádìí kan tọpa àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní orílẹ̀-èdè márùn-ún nílẹ̀ Áfíríkà: Namibia, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Uganda àti Zambia. Wọ́n gbé èsì jáde ní 2020. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú 100 obìnrin tí wọ́n tọpa ní Nàìjíríà, bíi 36 ló ṣẹ́kù láyé. Tiwa ló burú jù nínú márààrún. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá rí i nígbà tí kò tíì jáde kúrò nínú ọmú, bíi 99 nínú 100 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn náà, tó bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun kí wọ́n tó rí i, àwọn tó ń là á já kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Dókítà kan náà, oògùn kan náà, owó kan náà. Ìgbà tí wọ́n rí i ló yàtọ̀.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a da lẹ́tà Peckham kọ bó ṣe wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di àgbà nínú iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú máa ń tètè mú àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ju àwọn òyìnbó lọ, àti pé irú tó le, tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í ràn, wọ́pọ̀ láàárín wa. Bí a bá dúró di 50 ọdún kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni yóò ti bọ́ sínú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ọmọ ọdún 40 ni àwọn dókítà wa sábà máa ń dá fún àwòrán ọmú. Èyí tó kéré sí i, tí ọmú rẹ̀ ṣì le, sikáànù ló máa ń fi nǹkan hàn nínú rẹ̀ dáadáa. Ọmọ 25 tàbí 60, kálukú ló sì yẹ kó mọ bí ọmú tirẹ̀ ṣe rí, kó lè mọ ọjọ́ tó bá yí padà: kókó, awọ tó bá ń rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó bá wọnú, ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ti ibẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ àpẹẹrẹ nítòsí, kó wo Betty Anyanwu-Akérédolú. Ọdún 1997 ló rí kókó nínú ọmú rẹ̀ nígbà tó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kò fi pamọ́, ọdún náà gan-an ló sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn obìnrin lè máa sọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2017, ogún ọdún ti kọjá lórí kókó náà. Ní àkókò tí orúkọ àìsàn yìí kò tíì ṣeé dá ní gbangba, tí a máa ń fẹnu bò ó níbi òkú, ìyàwó lọ́yà ńlá dìde, ó ní òun ni ó mú, òun sì wà láàyè. Mo ka ìyẹn sí ìgboyà tó ju ti ogun lọ.

Nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn nọ́ọ̀sì kan wá sí gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ fún àwọn obìnrin. Ọjọ́ Sunday tó ṣáájú, pásítọ̀ fúnra wọn ló ṣe ìfilọ̀ rẹ̀ lórí pẹpẹ, wọn kò fi í sílẹ̀ fún akọ̀wé. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Mo gbà pé ìfilọ̀ yẹn ló mú èrò wá ju gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ìbẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n fi aṣọ gé igun gbọ̀ngàn náà sọ́tọ̀, tábìlì kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Obìnrin á dùbúlẹ̀ bí aboyún tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì á fi irin kékeré la ojú ọ̀nà díẹ̀, ó tutù, kò dunni. Á wá fi òwú tó rẹ sínú fínígà tí wọ́n ti pò mọ́ omi kan ẹnu ilé-ọmọ. Fínígà náà ni, irú èyí tí a ń lò nílé ìdáná. Á dúró bí ìṣẹ́jú kan. Bí ibẹ̀ bá dára, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí. Bí ibì kan bá wà tó ti ń yíwọ́, ibẹ̀ á funfun. Ó tán. Kò sí pé à ń dúró de èsì láti ibòmíràn. Kí n tó so ìró mi, nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé tèmi dára.

Ìdí tí nǹkan tó rọrùn báyìí fi lè gba ẹ̀mí là ni pé jẹjẹrẹ yìí kì í sáré. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Harald zur Hausen, ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí pé òun ló fi èyí hàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti mọ ọkùnrin ni kòkòrò náà máa ń bá pàdé nígbà kan, ara á sì lé e lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí ara kò bá lé lọ, ó máa ń gbà á tó ọdún 15 sí 20 kó tó sọ ibẹ̀ di jẹjẹrẹ. Lára ẹni tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀ tí kò sì lo oògùn, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fojú inú wò ó: ogún ọdún gbáko tí àìsàn fi ń múra, tí ẹnikẹ́ni tó bá yọjú wò ó lè dá a dúró. Àjọ ìlera àgbáyé ní tó bá di 2030, kí ìdá 70 nínú 100 obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò gidi kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 35, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45. Ẹ̀ẹ̀mejì péré láyé ẹni.

Ìyá Alákàrà àdúgbò wa ti fẹ́ máà wá lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tó ta tán ló yà wọlé, òórùn epo ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Tirẹ̀ funfun. A rí i lójú nọ́ọ̀sì kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, ohun tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú ni, àti pé àwọn lè jó o dànù lójú ẹsẹ̀ bó bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi ṣe é, orí rẹ̀ gbóná, wọ́n fi kan ibẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó jáde, ó ní inú òun kàn lọ́ díẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan oṣù fẹ́ dé ni. Ìbéèrè tó bi nọ́ọ̀sì ni pé ṣé òun lè dín àkàrà lọ́la. Wọ́n ní ó lè dín in, ṣùgbọ́n kí bàbá ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo obìnrin tó wà ní gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ti bà tí ẹ̀rù náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Mo rántí ìsọ̀ aṣọ tí a tà ní Ìkòtún. Mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo sunkún mi níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìyókù pẹ̀lú, kí n má tan ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò kì í ṣe òògùn. Ó lè dẹ́rù bani lásán: ọ̀pọ̀ jùlọ nínú kókó ọmú ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹni tí wọ́n bá sì ní kó wá fún àyẹ̀wò kejì lè má sùn títí èsì yóò fi jáde. Ó sì lè fo nǹkan dá, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe. Ohun tó sì burú jù ni àyẹ̀wò tí kò ní ìtọ́jú lẹ́yìn. Mo mọ ibi tí wọ́n ti sọ fún obìnrin kan pé nǹkan kò dára lára rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìwé pélébé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ wá ọ́sìbítù ńlá. Owó bọ́ọ̀sì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ká má tíì sọ owó abẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pe obìnrin sí àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò mú un lọ bí èsì bá burú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó kọ́kọ́ lọ wá a.

Ní October 2023 ni ìjọba gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV dé fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí ilé-ìwé wa, àwọn òbí kan sì kọ̀wé pé kí a má fọwọ́ kan ọmọ àwọn, nítorí ohùn kan tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ bí. Mo lọ bá díẹ̀ nínú wọn nílé. N kò bá wọn sọ nípa kòkòrò. Mo sọ ìtàn àǹtí wa àti ti Ìyá Alákàrà fún wọn, mo ní ilé-ọmọ yìí gan-an ni abẹ́rẹ́ náà wá dáàbò bò. Àwọn kan yí ọkàn padà. Àwọn mìíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà ṣì ní láti wá fún àyẹ̀wò bó bá dàgbà, nítorí kì í ṣe gbogbo irú kòkòrò náà ló ń dènà.

Ti àwọn ọkùnrin ló kù, ọ̀rọ̀ wọn sì le. Jẹjẹrẹ próstéètì ló pọ̀ jù lára ọkùnrin ní Nàìjíríà, ó lé ní 18,000 nínú ìṣirò ọdún 2022 náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ọkùnrin adúláwọ̀ mẹ́rin ló ń mú, ti gbogbo ọkùnrin lápapọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ. Rótìmí Akérédolú, ọkọ ìyáàfin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, kú ní 27 December 2023, jẹjẹrẹ próstéètì sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ pé ó pa á. Nelson Mandela ní tirẹ̀ ní 2001, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, ó sì lo ọdún méjìlá sí i. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà. Èsì rẹ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, nítorí òmíràn wà tó máa ń rọra rìn tí kò ní pa ẹni tó ní i, nítorí náà ẹnu dókítà ló yẹ kí ọkùnrin ti gbọ́ ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n kó lọ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, wọ́n kọ́kọ́ wojú ara wọn. Bàbá alága wa, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àwọn ń dìde tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóru, àwọn sì ti rò pé ọjọ́ orí ni. Ìgbà yẹn ni àwọn tó kù wá ń sọ iye ìgbà tiwọn. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni dídìde lóru kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí jẹjẹrẹ náà sì lè wà láìjí ẹnikẹ́ni sílẹ̀, inú mi dùn pé ẹnu wọn ṣí.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa kò pọ̀. Báńkì mọ ọjọ́ tí a bí mi, ọdọọdún ni wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi. Ilé ìtọ́jú aboyún tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fóònù gbogbo obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sínú ìwé ńlá. Kí wọ́n ṣí ìwé náà, kí wọ́n wo ẹni tó ti pé 35, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago, kí wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Kò nílò kí ilé wa ní nọ́ńbà.

Kí wọ́n tó ṣe é, àwa ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Alájọ tó ń gba owó wa lójoojúmọ́ mọ gbogbo ìsọ̀ láti Ìkòtún dé Ìjẹ̀gun, kò sẹ́ni tó lè sá fún un. Obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ yìí yé dáadáa ni, nítorí òun náà ní ẹni tó sin. Ó gbà kí a máa kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì àjọ: ọjọ́ tí oníkáàdì ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn, àti ọjọ́ tó yẹ kó tún un ṣe. Nígbà tí ọjọ́ bá ku díẹ̀, bó ṣe ń gba owó ni yóò máa rán an létí, ẹni tí kò bá sì ní owó bọ́ọ̀sì, inú àjọ ni yóò ti yá a. Ìyá Alákàrà, tí wọ́n sọ fún pé kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan, wà lára àwọn tí orúkọ wọn kàn lóṣù yìí. Alájọ ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọjọ́ Tuesday ni òun máa lọ, pé ọjà kì í yá lọ́jọ́ Tuesday, àti pé òun máa mú àbúrò ọkọ òun dání.